Ìrépé Aṣọ Ọwọ́ Mutolib

"Ta ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú yín?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Mutolib nìyẹn, kò tíì bi ẹnikẹ́ni lórúkọ. Tíṣà mẹ́fà ló jókòó yí i ká nínú ọ́fíìsì iléèwé aládàáni kan n'Íkòsì. Wọ́n fẹ́ lọ gba atẹ́gùn létí òkun tí iléèwé bá ti gba họlidé, ṣùgbọ́n iye tí àwọn onímọ́tò àháyà ń pè ju agbára wọn lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló rántí pé kápẹ́ńtà kan wà lójú ọ̀nà Ìkòsì tó ń ṣe ṣíà, tó jẹ́ pé bó bá di Ṣátidé, ọkọ̀ èrò lásán ló fi ń kó èèyàn lọ sí etíkun, á sì kó wọn padà wálé láìku ẹnì kan.

Ojú mẹ́wàá yí sọ́dọ̀ Aunty Súmbọ̀, àgbà nínú àwọn tíṣà.

"Ẹ ṣáà wò mí dáadáa," ni Aunty Súmbọ̀ wí. "Ẹ ò rí èèyàn tó jẹun yó rí?"

"Ẹ má bínú, Mà, kì í ṣe àbùkù," Mutolib fèsì. "Ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ ni mo fi ń wọn ọ̀nà. Ṣé èémí ni àbí orúnkún?"

"Orúnkún. Tòsì ni. Tọ̀tún kàn ń bá a kẹ́dùn ni."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Mutolib náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó bi Aunty pé àtẹ̀gùn mélòó ni wọ́n lè gùn kí wọ́n tó dúró sinmi, bóyá òòrùn máa ń fún wọn lórí fífọ́. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní wọ ọkọ̀ ní Kétu, torí afárá ẹlẹ́sẹ̀ ibẹ̀ á ti jẹ orúnkún Aunty tán kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Mile 12 ni àwọn á lọ, níbi tí ọkọ̀ BRT ti ń gbéra, kí kálukú lè rí àga jókòó sí. Àwọn á sọ̀ ní ibùdókọ̀ TBS, àwọn á wọ ọkọ̀ ọ̀nà Lẹ́kí, kẹ̀kẹ́ Márúwá á sì gbé wọn dé ẹnu etíkun. Ó ní òun á tún kọ́kọ́ dá rin ọ̀nà náà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí òun lè mọ ibi tí Aunty á ti jókòó.

Hidayat wà ní igun yàrá, ó ń wò ó. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ò ní lọ. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ má baà pè é ní ojo.

Ẹ̀gbọ́n kan ló ní, Nojeem, àkọ́bí ìyá rẹ̀. Lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, ọjọ́ kẹta Iléyá, Nojeem tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí òkun láìsọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ padà. Nojeem ò padà, òkun ò sì dá òkú rẹ̀ padà títí dòní. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kí ọmọ ẹni kú, ó yá ju kó nù lọ. Alhaja Sẹ̀kínát, ìyá wọn, aláta tó ń tà lápò lápò ní Mile 12, rí méjèèjì pa pọ̀ lára ọmọ kan náà. Nígbà tó ní òun ń lọ sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà dì í mú. Wọ́n ní òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Bí kò ti wá sí sàréè míì, Alhaja sọ gbogbo òkun di sàréè Nojeem. Láti ọjọ́ náà, kò gun afárá lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó mọ́. Bí tẹlifíṣọ̀n bá gbé omi ńlá jáde, á yíjú. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí ṣáájú, ó wá ku òun àti Hidayat nínú ilé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ òkun níbẹ̀.

Nǹkan míì tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí Hidayat ò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Àá débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ka àtẹ̀gùn nítorí orúnkún ẹni ẹlẹ́ni, ẹ sọ fún mi, mélòó lẹ rí nínú wọn l'Ékòó? Hidayat sun ọjọ́ mẹ́ta lórí ìbéèrè yẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ní ìpàdé àwọn tíṣà ní Gbàgádà, ó sì lọ sí òkun.

*

Kí wọ́n tó dé etí omi, Mutolib ní kí wọ́n dúró. Ó yọ àpò kékeré kan jáde. Ìrépé aṣọ tó ṣẹ́kù lára ṣíà ló wà nínú rẹ̀, tinrín tinrín, oríṣiríṣi àwọ̀. Ó so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́.

"Kí lèyí, Uncle?" Hidayat bi í. "Ṣé ẹ fẹ́ tà wá ni?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Aunty. Aṣọ ni mò ń kà. Tẹ́ ẹ bá ń padà, ẹ dá a padà fún mi. Tó bá ku ẹyọ kan, a ò kúrò níbí. Omi ò sì gbọdọ̀ kọjá orúnkún ẹnikẹ́ni."

"Orúnkún mi ńkọ́, èyí tó ti kú tẹ́lẹ̀?" ni Aunty Súmbọ̀ pariwo.

Àwọ̀ ewé ni ti Hidayat. Ó rìn lọ títí omi fi kan àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, kò sì nù ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rí i pé Mutolib dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin. Kò bi í ní nǹkan kan. Kò sọ pé kó má sunkún mọ́. Nígbà tó tó àkókò, ó kàn na ọwọ́ síta fún aṣọ náà.

"Ẹ ò bi mí pé kí ló ń ṣe mí?" Hidayat wí.

"Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ, ẹ ó sọ. BRT ò tíì tán nílẹ̀."

Inú ọkọ̀ tí wọ́n ń bá bọ̀ ló ti sọ fún un, láti TBS títí dé Ojóta, ó sọ gbogbo rẹ̀ tán àyàfi ohun kan yẹn. Mutolib fetí sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé Mile 12, "ẹ" ti ń di "o" lẹ́nu àwọn méjèèjì. Aunty Súmbọ̀ tó díbọ́n bí ẹni tó ń sùn nínú àga ẹ̀yìn ló gbọ́ ọ.

*

Oṣù mẹ́rin kọjá. Bí àga kan bá yẹ̀ ní iléèwé, Mutolib á wá tún un ṣe. Bí kò bá sì yẹ̀, Aunty Súmbọ̀ á jókòó lé e títí á fi yẹ̀. Hidayat náà á máa gba ojú ọ̀nà Ìkòsì lọ sílé, ọ̀nà tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí Mutolib sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ tán, ìfẹ́ kọ́ ni Hidayat ń ronú lé. Ó ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tó ń dunni. Ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Aunty Súmbọ̀ gba iṣẹ́ alárinà. "Ẹ má dárúkọ òkun o," ó kìlọ̀. "Kápẹ́ńtà ni ẹ́. Kápẹ́ńtà nìkan. Tí ìgbéyàwó bá ti kẹ́sẹ járí, a ó máa fi díẹ̀díẹ̀ sọ ìyókù."

Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n dá, wọ́n gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Alhaja. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Aunty Súmbọ̀ dúró mí lórí àtẹ̀gùn, tó ń ṣépè fún ẹni tó kọ́ ọ. Mutolib dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaja bi í ní ìlú àti agboolé rẹ̀, ó ní ọmọ Ìsẹ́yìn lòun. Ó bi í nípa ìyá rẹ̀, ó ní ó wà láyé, aṣọ òfì ló ń tà. Alhaja tẹ ṣíà tó jókòó lé wò, ó ní fóòmù rẹ̀ ti jìn, Mutolib sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Inú Hidayat ń dùn. Ó ti ń rí i tí ìyá òun ń rẹ́rìn-ín.

"Tó bá wá di Ṣátidé," Alhaja wí, "ṣé ẹ máa ń ṣiṣẹ́ ni àbí ẹ máa ń sinmi?"

Aunty Súmbọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hú ikọ́ tí kò hú rí.

Mutolib wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè. "Mo máa ń mú àwọn èèyàn lọ sí etíkun, Mà. Kí wọ́n lè lọ bọ̀ láìséwu."

Ẹ̀rín kúrò lójú Alhaja. Ó dìde. "Hidayat, ìwọ mọ̀?"

"Mọ́mì..."

"Mo ní, o mọ̀?" Ó kọjú sí Mutolib. "Wọ́n ní òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ. Ọdún méjìlá ni mi ò fojú kan tèmi. Ìwọ wá ń kó èèyàn lọ ṣe fàájì lórí ẹ̀? O wá fẹ́ gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò ní sọ púpọ̀. Búra fún mi níbí pé o ò ní débẹ̀ mọ́ títí ayé, kí n pe àwọn ẹbí mi."

Hidayat ń wò ó. Ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé, búra, jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni.

"Mi ò lè búra èké fún yín, Mà," Mutolib wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àwọn ọmọ á lọ náà ni. Tí mi ò bá mú wọn lọ, wọ́n á dá lọ. Àwọn tó ń dá lọ ni kì í dé."

"Jáde," ni Alhaja wí.

*

Inú bí Hidayat sí àwọn méjèèjì. Ó pe Mutolib lórí fóònù. "Kí ló máa ná ẹ? Ṣebí kó o kàn sọ pé o ti gbọ́!"

"Ṣé irọ́ ni kí n kọ́kọ́ gbé wọ ilé yín?"

"Irọ́ tó máa jẹ́ ká fẹ́ra wa!"

"Hidayat, tí ìyá ẹ bá wá rí mi ní Mile 12 lọ́jọ́ Ṣátidé kan ńkọ́? Nígbà yẹn, ìwọ náà ni wọn ò ní gbàgbọ́ mọ́."

Ó pa fóònù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn òkun ju òun lọ. Lẹ́yìn náà ó rò ó pé, àbí òótọ́ ló fẹ́ràn ju òun lọ? Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni, ṣé irú ẹ̀ ló yẹ kéèyàn sá fún? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Hidayat padà sí ọ̀nà tó kúrú lọ sílé. Aunty Súmbọ̀ ló ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ káàkiri, ó ní nínú gbogbo alárinà tó wà láyé, òun nìkan ni iṣẹ́ náà mú rù.

Kò pẹ́ tí Alhaja fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Ṣàràfá, ọmọ ẹni tó ń bá a kó ata wá láti òkè ọya. Ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, Alhaja ní, "Ṣàràfá ò tiẹ̀ mọ ibi tí òkun wà. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, tó bá rí ekòló, sísá ló máa sá. Má dá mi lẹ́bi."

Ohun tó ti wà lọ́kàn Hidayat lọ́dún méjìlá bá já bọ́.

"Mọ́mì, òkun kọ́ ló pa Nojeem. Ìkọ̀kọ̀ ló pa á. Ó mọ̀ pé tóun bá sọ fún yín, ẹ ò ní jẹ́ kóun lọ, ló fi dá lọ. Kò sí àgbàlagbà kankan pẹ̀lú wọn. Èmi ni mo bá a ṣílẹ̀kùn. Ó ní kí n má sọ, mi ò sì sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ní mi ò mọ̀. Mo mọ̀, Mọ́mì."

Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ Alhaja dà sílẹ̀. Kò pariwo, kò sì lu ọmọ rẹ̀. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò fi sọ ju "káàárọ̀" àti "oúnjẹ wà níbẹ̀" lọ. Hidayat rò pé òun ti pàdánù ìyá, òun ti pàdánù ọkọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bó ṣe ń wọ bàtà láti lọ síṣẹ́, Alhaja yọ jáde.

"Ọkọ̀ wo ló wọ̀?"

"Mà?"

"Nojeem. Nígbà tó jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, ọkọ̀ wo ló wọ̀? Níbo ló ti sọ̀? Ṣé ó jókòó ni àbí ó dúró? Gbogbo ọdún yìí, mi ò mọ̀ ju ilẹ̀kùn yìí lọ. Wọ́n ní kí n má fojú kan ibi tó wà. Wọn ò sọ pé kí n má mọ ọ̀nà tó gbà." Ó fi ìborùn nu ojú. "Kápẹ́ńtà yẹn. Ṣé ó lè mú mi dé ibi tí ọ̀nà parí sí, kí n má sì rí omi?"

*

Aunty Súmbọ̀ ló gbé iṣẹ́ náà dé ṣọ́ọ̀bù Mutolib. Mutolib mú ìwé rẹ̀, ó ní, "Kí ló máa kọ́kọ́ rẹ̀ lára wọn?"

"Ojú," Aunty Súmbọ̀ dáhùn.

Ṣátidé mẹ́ta gbáko ni Mutolib fi wá ibi tí ojú Alhaja lè gbà. Nígbà tí ọjọ́ pé, Alhaja rí i pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n fi òun sí nínú BRT, Aunty Súmbọ̀ sì wà lójú fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ gun afárá Èkó, Aunty Súmbọ̀ tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó fi gbogbo ara bo fèrèsé náà pátá.

"Ọlọ́run ò dá mi lásán," ó wí. Alhaja rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀.

Ní gbogbo ibi tí wọ́n dé, Hidayat ń sọ ohun tí Nojeem ti sọ fún un tẹ́lẹ̀: ibí ló ní àwọn á ti sọ̀, ibí ló ní àwọn á ti ra gúgúrú. Alhaja ń mi orí. Ó ra gúgúrú náà, ó dì í mọ́wọ́.

Ògiri búlọ́ọ̀kù gíga kan wà ní ìparí ọ̀nà, igi àgbọn kan sì ṣíji bo ẹ̀yìn rẹ̀. Àpótí ìjókòó kan wà lábẹ́ ẹ̀, tuntun, tí wọ́n fi fóòmù líle bò, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ṣòro fún orúnkún láti dìde níbẹ̀. Omi ò hàn rárá. Ìró rẹ̀ nìkan ló ń wá, á ru, á sì rọlẹ̀.

"Ìwọ lo ṣe èyí?" Alhaja bi í.

"Èmi ni, Mà."

Mẹ́rìnlá ni èrò tó kù, pẹ̀lú Hidayat, Mutolib sì ń so ìrépé aṣọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Alhaja gba ti Hidayat. Òun fúnra rẹ̀ ló so ó, ó ta á ní kókó méjì.

"Lọ," ó wí. "Kó o padà wá bá mi."

Mutolib gbé àpò òfìfo náà lé e lọ́wọ́. "Mà, ẹ bá mi gbà á lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá ń bọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, pẹ̀lú tèmi."

Hidayat ò dé etí omi lọ́jọ́ náà. Ó dúró ní igun ògiri, níbi tó ti lè rí ìyá rẹ̀. Ó rí i tó tẹ́tí sí ìró náà fún ìgbà pípẹ́. Ó rí i tó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, tí ètè rẹ̀ ń mì nínú àdúà. Nígbà tó parí, ó bu gúgúrú náà sílẹ̀ díẹ̀ sórí iyanrìn, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete: "Nojeem, màmá ẹ ti mọ ọ̀nà. Sùn re." Aunty Súmbọ̀ gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún títí ó fi tẹ́ wọn lọ́rùn.

Nígbà tí òòrùn rọ̀, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Alhaja ń gba aṣọ lọ́wọ́ wọn, ó ń kà á sínú. Hidayat dá tirẹ̀ padà. Ó di mẹ́rìnlá. Ó tún inú àpò wò. Mẹ́rìnlá ni.

"Ó ku ẹyọ kan," ó wí. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mo ní ó ku ẹyọ kan! Àwọ̀ pupa. Ta ló ni pupa?"

Ó wo ojú wọn yíká, kò rí Mutolib, ó sì ti dìde. Ó ti gbàgbé omi tí kò fẹ́ rí, ó ti gbàgbé ohun tí àwọn àgbà wí, ó ń sáré lọ sí igun ògiri. "Mutolib! Mutolib o!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pe orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

"Mo wà ńbí, Mà!" Mutolib yọ ní igun ògiri, iyanrìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dúró gbọnyin síwájú Alhaja kó má baà kọjá. "Mo wà ńbí. Èmi ló máa ń kẹ́yìn. Mo ní láti rí i pé kò ku ẹnikẹ́ni nínú omi."

Alhaja gbá a lápá. Ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, ó di apá náà mú, kò sì jẹ́ kó lọ.

"Ẹ má bínú, Mà," Mutolib wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ pupa náà lọ́rùn ọwọ́. "Ẹ gbà á, kó lè pé."

"Má tú u."

"Mà?"

"Tìẹ, ilé mi lo ti máa dá a padà. Ìwọ àti àwọn òbí ẹ." Alhaja pa ẹnu àpò náà dé, ó fi há abíyá, ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Ó rìn díẹ̀, ó sì bojú wẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ìyá ẹ bí orúnkún ẹ̀ ṣe rí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé."